Kí Ló Dé Tí Wọn Kì í Bá Wa Pààrọ̀ Oúnjẹ Inú Kọ́ńbò?

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí a ṣe ń sè é. Bí a ṣe ń rà á ni.

Púpọ̀ nínú àwa ọmọ tó wà ní Ellenwood níbí ló jẹ́ pé àwa la máa ń ka mẹ́nù fún àwọn àgbà wa tí a bá lọ jẹun níta. Àwa náà la máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ ní kánńtà. Ohun tó sì máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni pípààrọ̀. Àgbà á ní kí wọ́n yọ ọ̀dùnkún díndín inú kọ́ńbò kúrò, kí wọ́n fi ìrẹsì dípò rẹ̀. Ẹni tó ń gbowó á ní kò ṣeé ṣe. Àgbà á wá bi wá pé, "Kí ló dé? Ṣé mi ò ní sanwó ni? Àbí torí pé àwa la wá?"

Ìbéèrè yẹn dára, ìdáhùn rẹ̀ kò sì rí bákan náà nígbà gbogbo. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ìwọ̀sí kankan nínú "rárá" tí wọ́n sọ. Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, "rárá" yẹn lè fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu, tàbí kó ta ko òfin Amẹ́ríkà. Tí a kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn, a ó máa jà níbi tí kò yẹ ká jà, a ó sì máa dákẹ́ níbi tí kò yẹ ká dákẹ́.

Kí ni kọ́ńbò?

Kọ́ńbò ni oúnjẹ méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ilé oúnjẹ dì pọ̀, tí wọ́n sì fi owó kan ṣoṣo lé lórí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní oúnjẹ àdìpọ̀. Bọ́gà, ọ̀dùnkún díndín àti sódà, oúnjẹ àdìpọ̀ ni. Ẹyin, búrẹ́dì yíyan àti kọfí tí kafé ń tà láàárọ̀, oúnjẹ àdìpọ̀ ni. Happy Meal tí McDonald's bẹ̀rẹ̀ sí í tà káàkiri Amẹ́ríkà ní 1979, oúnjẹ àdìpọ̀ ti ọmọdé ni, tí ohun ìṣeré wà nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa kò bá irú èyí dàgbà. Ní bùkà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, nǹkan kọ̀ọ̀kan ló ní owó tirẹ̀. Wàá sọ iye àmàlà tí o fẹ́, wàá ní kí wọ́n bu gbẹ̀gìrì àti ewédú sí i, lẹ́yìn náà lo máa wá nàka sí ẹran: ṣàkì méjì, pọ̀nmọ́ kan, ẹja kan. Bí o bá ní kí ìyá olóúnjẹ má fi ṣàkì sí i mọ́, kó fi pọ̀nmọ́ sí i, kò ní bínú, torí kò sí nǹkan tó sọnù lọ́wọ́ ẹ̀. Á yọ owó ṣàkì, á fi owó pọ̀nmọ́ sí i, ó parí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìyá tó ń bu oúnjẹ yẹn ló ni ọjà. O lè bá a dúnàá-dúrà. O lè bẹ̀ ẹ́ pé kó fi èènì sí i, ó sì lè rẹ́rìn-ín kó fi ẹran kékeré kan lé e.

Ní kánńtà ti ibí, ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe ọlọ́jà, òṣìṣẹ́ ni. Nígbà míì, ọmọ ilé ìwé girama bíi ti àwọn ẹ̀gbọ́n wa ni. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe fún un. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ohun tó jẹ́ ìbéèrè lásán ní bùkà, ó lè jẹ́ ìbéèrè tí ọmọ yẹn kò láṣẹ láti dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó

Èmi ni mo mú àwọn iye tó wà nísàlẹ̀ yìí wá fúnra mi, kí ìṣirò náà lè rọrùn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé kafé kan ń ta bọ́gà ní dọ́là 6, ọ̀dùnkún díndín ní dọ́là 3, sódà ní dọ́là 2.50. Tí ẹ bá ra wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, dọ́là 11.50 lẹ máa san. Ṣùgbọ́n kọ́ńbò jẹ́ dọ́là 10. Èyí túmọ̀ sí pé wọ́n ti dín dọ́là 1.50 kù fún yín.

Kí ló dé tí wọ́n fi lè dín in kù? Ẹ wo ohun tí kafé ná. Ẹ jẹ́ ká ní ohun tí wọ́n fi ṣe bọ́gà jẹ́ dọ́là 2.50, ti ọ̀dùnkún jẹ́ sẹ́ǹtì 50, ti sódà jẹ́ sẹ́ǹtì 25. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 3.25. Nínú dọ́là 10 tí ẹ san, dọ́là 6.75 ló kù. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti máa san owó ilé, owó iná àti owó òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ bóyá èrè wà.

Ó yá, ẹ wá ní kí wọ́n gbé sódà lọ, kí wọ́n fún yín ní omi ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún, tó ná kafé ní dọ́là 1.75. Ohun tí wọ́n ná ti di dọ́là 4.75. Ohun tó kù lọ́wọ́ wọn ti wá sí dọ́là 5.25. Dọ́là 1.50 ti lọ. Ẹ rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni kafé ti dín owó kù fún yín báyìí: ìgbà tí wọ́n di oúnjẹ pọ̀, àti ìgbà tí ẹ pààrọ̀. Bí 100 oníbàárà bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, dọ́là 150 ló lọ lọ́jọ́ yẹn.

Sódà gan-an ló jẹ́ kí kọ́ńbò ṣeé ṣe. Ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ, omi tó ń hó àti omi dídùn kíki ni ẹ̀rọ ń pò pọ̀ sínú ife, owó tó ń ná wọn kò tó nǹkan. Àwa ará Atlanta ló yẹ kó mọ èyí jù, torí ìlú yìí ni wọ́n ti ṣe Coca-Cola ní 1886. Kì í ṣe inú ìgò ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń tà á. Wọ́n ń pò ó sínú ife níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn ni, ife kan ní sẹ́ǹtì 5. Nítorí náà, tí ẹ bá yọ sódà kúrò nínú kọ́ńbò tí ẹ sì fẹ́ nǹkan míì dípò rẹ̀, ohun tó ń mú èrè wá jù lẹ yọ yẹn.

Ọwọ́ tó ń dáná àti iye tí wọ́n kà sílẹ̀

Owó nìkan kọ́ o. Ẹ wo Waffle House, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ní Avondale Estates, ní DeKalb County wa níbí. Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu oníbàárà á ké e sókè sí àwọn tó ń dáná. Ẹni tó ń dáná á wá gbé àmì sórí àwo: ó lè jẹ́ jáàmù kékeré inú ọ̀rá, ó lè jẹ́ nǹkan míì. Irú nǹkan tó gbé síbẹ̀, àti apá ibi tó gbé e sí lórí àwo, ló ń rán an létí ohun tó fẹ́ sè. Ẹ fojú inú wo àwo mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀ ọjọ́ Sunday! Ohun tí oníbàárà bá pààrọ̀, tí kò sí àmì fún, orí ẹni tó ń dáná nìkan ló máa gbé e. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Ẹ má sì rò pé Waffle House kì í gbà kéèyàn yàn. Wọ́n gbà dáadáa. O lè ní kí wọ́n fi àlùbósà, wàràkàṣì tàbí ata sínú ọ̀dùnkún rẹ, èyí tó o bá fẹ́ ló ní orúkọ tirẹ̀ lórí mẹ́nù. Ìdí tó fi rọrùn ni pé wọ́n ti múra rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ilé ìdáná bá ti múra sílẹ̀ fún, á rọrùn. Ohun tí oníbàárà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní kánńtà ló máa ń le.

Ìdí kejì ni kíkà. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá àwọn màmá wa di oúnjẹ sínú ike fún òde mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ ti ka ike 200: jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹran kan, mọ́ínmọ́ín kan. Bí àlejò mẹ́wàá bá ní àwọn kò fẹ́ mọ́ínmọ́ín, ẹran méjì-méjì làwọn fẹ́, àlejò mẹ́wàá ló máa jẹ ìrẹsì láìsí ẹran nígbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kafé ṣe ń ra nǹkan sílẹ̀ láàárọ̀. Tí gbogbo èèyàn bá fi ọ̀dùnkún pààrọ̀ sàláàdì, sàláàdì á tán ní ọ̀sán, ọ̀dùnkún á ṣẹ́kù.

Àwọn èèyàn wa náà ń ṣe é

Mo bá bàbá mi lọ sí ilé oúnjẹ Nàìjíríà kan lágbègbè wa níbí. Oúnjẹ ọ̀sán wọn jẹ́ jọ̀lọ́ọ̀fù, dòdò àti adìẹ. Bàbá mi ní kí wọ́n fi mọ́ínmọ́ín rọ́pò dòdò. Ìyá tó ń tajà, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, sì fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ti àdìpọ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ́ínmọ́ín, àfi kẹ́ ẹ rà á lọ́tọ̀." Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ra mọ́ínmọ́ín kan lọ́tọ̀.

Ẹ rò ó wò. Dòdò: ẹ gé e, ẹ dín in, ó ti tán. Mọ́ínmọ́ín: ẹ rẹ ẹ̀wà, ẹ bó o, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ po ata àti òróró mọ́ ọn, ẹ fi ẹyin tàbí ẹja sí i, ẹ pọ́n ọn, ẹ sè é títí tó fi jiná. Ṣé owó kan náà ló yẹ kí wọ́n jẹ́? Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìyá yẹn kò kórìíra wa. Ohun tí kafé òyìnbó ń sọ ni òun náà sọ. Bí a bá gbọ́ ọ lẹ́nu tiwa, ó máa ń yé wa. Bí a bá gbọ́ ọ lẹ́nu àjèjì, ọkàn wa máa ń lọ síbòmíràn.

Ẹ wá ọ̀rọ̀ "tàbí" lórí mẹ́nù

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí àyè pípààrọ̀ wà, ẹ wo mẹ́nù dáadáa. Níbi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé kí ẹ mú èyí tàbí tọ̀hún, ẹ yàn bó ṣe wù yín, owó kò ní lé. Níbi tí wọ́n bá ti kọ iye owó kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan, ẹ lè mú un, ṣùgbọ́n ẹ máa fi owó kún un. Níbi tí wọ́n bá sì ti kọ "no substitutions", ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò sí pípààrọ̀ rárá.

Àwọn ilé oúnjẹ àtijọ́ kan ní Atlanta fi yíyàn ṣe ìpìlẹ̀ oúnjẹ àdìpọ̀ wọn. Mary Mac's Tea Room wà láti 1945, Busy Bee Cafe wà láti 1947. Ní irú ibẹ̀, ẹran kan lo máa mú, wàá wá yan ohun tó máa bá a rìn látinú àkọsílẹ̀: ẹ̀fọ́, makaróònì oníwàràkàṣì, ẹ̀wà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dà bíi bùkà wa díẹ̀. Ṣùgbọ́n kódà níbẹ̀, inú àkọsílẹ̀ yẹn lo ti máa yàn án. O kò lè fi ẹ̀fọ́ gba adìẹ kejì.

Àwọn oníṣòwò ńlá náà máa ń yí padà bí oníbàárà bá ń béèrè nǹkan kan náà ṣáá. Ní 1974, Burger King bẹ̀rẹ̀ ìpolówó kan tó ń sọ fún aráyé pé bí oníbàárà bá ṣe fẹ́ bọ́gà rẹ̀ làwọn máa ṣe é fún un. Ní 2011, McDonald's kéde pé àwọn máa dín ọ̀dùnkún inú Happy Meal kù, àwọn á sì máa fi ápù gígé sí i, torí ọ̀pọ̀ òbí ń ṣàròyé lórí ìlera ọmọ wọn. Ẹ wò ó, kì í ṣe ọmọ tó ń gbowó ní kánńtà ló ṣe ìyẹn. Àwọn ọ̀gá ló ṣe é. Tí nǹkan kan bá ń dùn yín lórí mẹ́nù, ọ̀gá ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí.

Ìjà orí pípààrọ̀ ti pẹ́ débi pé ó wọ inú fíìmù. Nínú Five Easy Pieces, fíìmù àgbà tó jáde ní 1970, Jack Nicholson ṣe ọkùnrin kan tó fẹ́ kí wọ́n fi tòmátò dípò ọ̀dùnkún, kí wọ́n sì fún un ní búrẹ́dì yíyan. Agbáwo ní kò ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ọkùnrin náà sì fi ọwọ́ gbá gbogbo ife orí tábìlì dànù. Àwọn èèyàn ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa ìran yẹn títí dòní. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí pé ọkùnrin náà kò rí búrẹ́dì rẹ̀ jẹ o.

"Rárá" tó lè pa èèyàn lára

Mo wá dé ibi tó ṣe pàtàkì jù. Àwọn kan wà láàárín wa tí kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn oúnjẹ kan, ara wọn ni kò gbà á. Òun là ń pè ní àléjì. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, ètè wọn lè wú, ara wọn lè máa yún, èémí wọn lè há, ó sì lè la ẹ̀mí lọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe ní 2004 dárúkọ oúnjẹ 8 tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sára oúnjẹ inú páálí àti inú ike: wàrà, ẹyin, ẹja, edé àti akàn, èso eléèpo líle bíi kajú, ẹ̀pà, àlìkámà àti ẹ̀wà sóyà. Ní 2021, wọ́n ṣòfin fi yànmọ̀tí ṣe ìkẹsàn-án, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2023. Ẹ rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà nínú ìkòkò wa: edé nínú ẹ̀gúsí, ẹyin nínú mọ́ínmọ́ín, ẹ̀pà lára sùyà.

Àwo oúnjẹ tí wọ́n gbé wá sórí tábìlì kò ní páálí tí a lè kà. Nítorí náà, ẹnu la fi ń béèrè. Òfin Amẹ́ríkà lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní àìlera, tí wọ́n ṣe ní 1990, lè dáàbò bo ẹni tí àléjì rẹ̀ bá le gan-an. Àmọ́ kò sọ pé kí ilé oúnjẹ máa se oúnjẹ pàtàkì fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí Iléeṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ Amẹ́ríkà ṣàlàyé ni pé ilé oúnjẹ lè ní láti dáhùn ìbéèrè nípa ohun tó wà nínú oúnjẹ, tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá sì máa ń yọ nǹkan kúrò tàbí pààrọ̀ rẹ̀ fún àwọn oníbàárà yòókù, ó lè di dandan kí wọ́n ṣe é fún ẹni tó ní àléjì náà.

Àlàyé yẹn jáde lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Yunifásítì Lesley ní Massachusetts. Wọ́n ń fi dandan mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan san owó oúnjẹ ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ àléjì kò jẹ́ kí àwọn kan nínú wọn lè jẹ ẹ́. Ní 2012, yunifásítì náà bá ìjọba ṣe àdéhùn pé àwọn á máa pèsè oúnjẹ tí ara wọn gbà. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ náà: ẹni tó wọ kafé lè jáde lọ sí òmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi dandan gba owó rẹ̀ kò ríbi lọ. Ibi tí kò bá ti sí àyè láti kọ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀tọ́ àtipààrọ̀ ti lágbára jù.

Oúnjẹ ọ̀sán ilé ìwé wa náà jẹ́ àdìpọ̀. Òfin tó dá a sílẹ̀ jáde ní 1946, orúkọ Sẹ́nétọ̀ Richard B. Russell, ọmọ Georgia, ló sì ń jẹ́. Ọ̀wọ́ oúnjẹ 5 ni ilé ìwé gbọ́dọ̀ gbé kalẹ̀: èso, ẹ̀fọ́, oúnjẹ oníhóró, ẹran tàbí ohun tó dúró fún ẹran, àti wàrà. Ní ilé ìwé girama àgbà, akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ 2 nínú wọn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mú 3 ó kéré tán, èso tàbí ẹ̀fọ́ sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Kíkọ̀ nìyẹn o, kì í ṣe pípààrọ̀. Tí o bá kọ wàrà, wọn ò ní fi adìẹ kejì dí i. Ṣùgbọ́n tí àìlera bá jẹ́ kí ọmọ má lè jẹ nǹkan kan, tí dókítà sì kọ̀wé sí i, ilé ìwé gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ láìgba owó lé e. Ẹ̀yin òbí wa, tí ọmọ yín bá ní àléjì tó le, ẹ gba ìwé yẹn lọ́wọ́ dókítà, ẹ mú un lọ sí ilé ìwé. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ọmọ láti máa ṣàlàyé lórí ìlà.

"Rárá" tí òfin kò gbà

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìbéèrè àwọn àgbà wa: "Àbí torí pé àwa la wá?" Kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ìlú Atlanta yìí ni Lester Maddox ti ní ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní Pickrick. Ní July 2, 1964, Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí Òfin Ẹ̀tọ́ Aráàlú, tó ní kí ilé oúnjẹ má ṣe lé ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀yà, àwọ̀, ẹ̀sìn tàbí ilẹ̀ tó ti wá. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́ta lọ jẹun níbẹ̀. Maddox fi ìbọn lé wọn, àwọn èèyàn rẹ̀ sì gbé ìtì àáké dání. Nígbà tí ilé ẹjọ́ ní dandan ni kó gbà wọ́n, ó kúkú yàn láti ti ilé oúnjẹ náà ju kó gbà wọ́n lọ. Nínú ìlú kan náà, ilé oúnjẹ Paschal's, tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan dá sílẹ̀ ní 1947, jẹ́ ibi tí Martin Luther King àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pàdé, tí wọ́n sì ń jẹun.

Nítorí náà, kíkọ ìbéèrè àti kíkọ èèyàn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí wọ́n bá ní "a kì í pààrọ̀" fún gbogbo ẹni tó wọlé, ìlànà ọjà ni. Bí wọ́n bá pààrọ̀ fún ẹni tó wà níwájú yín, tí wọ́n wá ní àwọn kì í pààrọ̀ nígbà tó kàn yín, ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè ìdí, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n pe ọ̀gá wá.

Bí a ṣe lè béèrè

Ẹ béèrè kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti sanwó. Ẹ béèrè iye tó máa lé, dípò kẹ́ ẹ kàn ní kí wọ́n pààrọ̀. Ọ̀pọ̀ "rárá" máa ń di "ó ṣeé ṣe" tí owó bá wọ̀ ọ́. Ẹ rántí pé yíyọ nǹkan kúrò rọrùn ju pípààrọ̀ lọ: "ẹ má fi àlùbósà sí i" kò ná wọn ní nǹkan kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ bóyá kẹ́ ẹ kúkú ra nǹkan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló dára jù.

Bí ó bá jẹ́ àléjì, ẹ sọ ọ́ ní kíákíá, ẹ sì béèrè irú òróró tí wọ́n fi ń dín nǹkan. Bí òróró tí wọ́n fi dín edé ni wọ́n fi dín ọ̀dùnkún, pípààrọ̀ kò gba ọmọ alájì edé là. Tí kafé bá ní àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò séwu, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ lọ síbòmíràn. "Rárá" yẹn dára ju "bẹ́ẹ̀ ni" tó jẹ́ irọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tí kò kàn fẹ́ràn tòmátò má sọ pé òun ní àléjì. Irọ́ kékeré yẹn ló ń mú kí wọ́n má gba ẹni tó ní in gan-an gbọ́.

Ohùn tútù ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Èyí kan àwa ọmọ tí à ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ jù. Tí ẹni tó ń gbowó bá sọ gbólóhùn mẹ́ta, ẹ má ṣe yíjú sí Màmá Àgbà kẹ́ ẹ wá sọ pé "wọ́n ní rárá" lásán. Ẹ túmọ̀ gbogbo rẹ̀: "Màmá, wọ́n ní inú kọ́ńbò yìí kọ́ ni ìrẹsì wà. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ máa fi dọ́là méjì kún un. Ṣé kí n rà á?" Ẹ ó rí i pé Màmá á ronú díẹ̀, wọ́n á wo pọ́ọ̀sì wọn, wọ́n á sì dáhùn. Ọwọ́ wọn ni ìpinnu máa wà.